Ààrẹ Tó Wọ Ojú Ewé Kìíní

Àkàbà tí Ẹgbẹ́ Àgbájọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e láì tọrọ ni. Ẹni tó ni ín kò wá béèrè rẹ̀, a ò sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Ní ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ìjì ṣí òrùlé ilé opó kan lọ ní ọ̀sán gangan. Ọkùnrin márùn-ún tí wọn kò mọ ara wọn rí dúró lójú pópó, wọ́n ń wo bí obìnrin náà ṣe ń kó ẹrù sábẹ́ tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀kan bíríkìlà, ọ̀kan ń pín lẹ́tà, ọ̀kan ń fọṣọ fún àwọn èèyàn, ẹni karùn-ún kàn ń lọ ra kẹrosínì tirẹ̀ ni. Ẹnì kan rí àkàbà lára ògiri ilé kejì, ó gbé e wá. Nígbà tí ẹni tó ń lọ ra kẹrosínì kò mọ iṣẹ́ kankan, wọ́n ní kó di ẹsẹ̀ àkàbà mú, kó sì panu mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, òrùlé ti padà sórí ilé.

Ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà ni ẹgbẹ́ sọ di òfin. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ló gbọ́dọ̀ máa di àkàbà mú fún ọdún kan gbáko, kò sì gbọdọ̀ la ẹnu ní ìpàdé nínú ọdún náà, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á gbàgbé ohun tó dì mú. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gun àkàbà tí ọmọ tuntun kò bá dì mú.

Ìlú méje ni ẹgbẹ́ náà wà báyìí, ẹ̀ka méje. Bí ará kan bá kú, kí ọjọ́ méje tó pé, àwọn yòókù á ti dé ilé rẹ̀, wọ́n á tún ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe: ilẹ̀kùn, ọ̀nà omi, páànù. Láti ìgbà náà lọ, opó rẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé tó ń jò mọ́ títí tí yóò fi kú. Ìwé méjì péré ni wọ́n ní. Àkọ́kọ́ ni ìwé òfin, tí kò ju ojú ewé mẹ́jọ lọ. Èkejì ni ìwé orúkọ, tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀yìn ìwé orúkọ ni ti àwọn alààyè, iwájú rẹ̀ ni ti àwọn tó ti lọ, àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ló sì wà ní ojú ewé kìíní. Lọ́dọọdún, akọ̀wé á ka iwájú ìwé náà sókè. Bó bá ti pe orúkọ àkọ́kọ́, gbogbo ilé á dìde, wọ́n á ṣí fìlà, wọn ò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi kà á tán.

Òfin kọkànlá wá sọ ọ́ kedere: ẹni tí a bá ka orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ará sì dìde fún, olóògbé ni, a kò sì gbọdọ̀ pa orúkọ náà rẹ́ láé. Ẹ má rò pé òfin lásán ni. Nígbà kan, ẹ̀ka kan bínú sí ará wọn kan tó kú, wọ́n fi yíǹkì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n má baà tún ilé opó rẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ ti ní ohun tí a bá ti kà, a ti kà á.

Àwọn oníròyìn kì í gbọ́ nípa irú ẹgbẹ́ báyìí. Òrùlé tí kò jò kì í ṣe ìròyìn. Ìgbà tí Olóǹtẹ̀ di Ààrẹ ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ọgbọ̀n ọdún ni Olóǹtẹ̀ fi ṣiṣẹ́ ìjọba nínú ọ́fíìsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti kà á. Ẹlòmíì ló ń kà á. Òǹtẹ̀ náà ní: A TI RÍ I. Ó TỌ́. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì fún un ní aago ògiri kan, òun náà sì fún ara rẹ̀ ní òǹtẹ̀.

Bó ṣe di Ààrẹ kò ṣòroó sọ. Nínú ẹgbẹ́ yìí, ipò Ààrẹ dà bí àga tó wà lábẹ́ ibi tó ń jò, kò sẹ́ni tó ń du ú. Nígbà tí Ààrẹ àtijọ́ kú, wọ́n béèrè pé ta ni yóò ṣe é. Gbogbo èèyàn wo ilẹ̀. Olóǹtẹ̀ nìkan ló wo òkè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un nítorí ìpàdé ti pẹ́, ebi sì ń pa wọ́n.

Ní oṣù kìíní, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Ọlọ́lá. Ní oṣù kẹta, Ọlọ́lá ti fún un lọ́rùn, ó di Ọlọ́lá Jùlọ. Kí ọdún tó yí po, oyè rẹ̀ ti gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ kí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí kanlẹ̀: Ọlọ́lá Jùlọ, Ààrẹ Àgbà, Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀ka Méje, Òpó Tí Ilé Fẹ̀yìn Tì, Olùdásílẹ̀ Kejì. Aránṣọ kan tó ń rán agbádá rẹ̀ ló ń ṣọ́ oyè yìí bí ẹní ń ṣọ́ oko. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni aránṣọ náà ń bá Ààrẹ sọ, àwọn ará sì ti fi wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: Bẹ́ẹ̀-ni-Sà.

Àṣẹ wá ń tẹ̀lé àṣẹ. Ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "ṣùgbọ́n" níwájú òun mọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ní "ṣùgbọ́n" nínú, kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó sì gbé e wá kí òun lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ka gbogbo oyè Ààrẹ lórí, láì wo ìwé, láì mí láàárín. Àwọn mọ́kànlá ló gbìyànjú rẹ̀. Ọ̀kan sún mọ́ ọn, ó dé Òpó Tí Ilé Fẹ̀yìn Tì kí ikọ́ tó gbé e. Bí ẹgbẹ́ ṣe lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin láì ní ọmọ tuntun kankan nìyẹn. Kò sí ẹni tó ronú nípa àkàbà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin, ìjì kan jà, ó sì ṣí páànù orí ilé búrẹ́dì Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ọkọ rẹ̀ kó tó kú. Àwọn ará kò jáfara. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, wọ́n ti kó pákó mẹ́rìnlélógún àti páànù tuntun jọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìpàdé. Ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ló kù kí wọ́n mú, Ààrẹ ló sì ń mú un.

Obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì Ààrẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

"Ẹ káàárọ̀ o."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà dìde. "Màmá, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n bó ṣe yẹ."

"Kí ni mo fẹ́ pè é? Mo mọ̀ ọ́n kó tó hu irùngbọ̀n. Èèpo búrẹ́dì tó jóná ló máa ń wá gbà lọ́wọ́ ọkọ mi." Ó kọjú sí Ààrẹ. "Pákó mi ni mo bá wá. Ààrò mi wà níta gbangba. Bíríkì ni, ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Bí òjò bá lù ú pẹ́rẹ́n, á sán. Bó bá sì sán, iṣẹ́ mi tán nìyẹn, nítorí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n ti kú."

Ààrẹ fẹ̀yìn ti àga. Ó gbé ohùn tó fi ń bá gbọ̀ngàn sọ̀rọ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló wà nínú yàrá náà pẹ̀lú rẹ̀.

"Màmá, ẹgbẹ́ yìí fẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Ojú ẹ̀ka méje ń bọ̀ wá wò wá. Mo ti pàṣẹ kí wọ́n fi àwọn pákó yẹn kan pèpéle, níbi tí n óò ti bá ìtàn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí ìtàn ti bá mi?"

"Èmi ò mọ ibi tí ìtàn ti ń bá èèyàn. Òjò ni mo mọ ibi tó ti ń bọ̀."

"Òjò yóò dúró."

"Ṣé ẹ ti pàṣẹ fún òun náà ni?"

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ara rẹ̀, ó wúkọ́. Obìnrin náà fa ìwé kan yọ lápò, ó ní wọ́n ní kí òun kọ ọ́ sílẹ̀, òun ti kọ ọ́. Ààrẹ gbà á, kò wò ó, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì dá a padà fún un.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kà á. "Ó ní ó tọ́."

"Ó tọ́."

"Ìgbà wo wá ni pákó ń bọ̀?"

"Màmá, mo ní ó tọ́ ni. Mi ò ní yóò rí bẹ́ẹ̀."

Gbẹ́nàgbẹ́nà tí wọ́n gbé iṣẹ́ pèpéle fún ni Igbákejì Ààrẹ. Àgbàlagbà ni, kì í pariwo, ó sì máa ń fi pẹ́ńsù sẹ́yìn etí títí kan ọjọ́ ìsinmi. Ó ka pákó mẹ́rìnlélógún náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé, "Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn o. Skúrù ni kí ẹ fi dè é."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà, tó wá wo iṣẹ́ náà fún Ààrẹ, ní, "Kí ló dé? Ìṣó yá jù."

"Ìṣó máa ń ba pákó jẹ́."

"Kí ni ẹ tún fẹ́ fi pákó ọ̀hún ṣe?"

"Aránṣọ, ṣé èmi náà máa ń bi yín ní ìdí tí ẹ fi ń fi àlàfo sílẹ̀ létí aṣọ?"

Tíṣà ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn ti gègé pupa. Ààrẹ ní kó kọ ìtàn ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ọ́: ojú ewé mẹ́ta, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ààrẹ ṣí i síwá, ó ṣí i sẹ́yìn.

"Ibo ni mo wà níbí?"

"Ojú ewé kẹta, Ọlọ́lá Jùlọ, Ààrẹ Àgbà, Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀ka Méje, Òpó Tí Ilé Fẹ̀yìn Tì, Olùdásílẹ̀ Kejì. Ìlà kejì láti ìsàlẹ̀."

"Ẹni tó ń lọ ra kẹrosínì yìí, ṣé kò lè jẹ́ bàbá mi àgbà?"

"Kò bímọ, sà."

"Rárá?"

"Rárá, sà."

Ààrẹ ronú títí. "Ó dáa. Kọ ọ́ pé bó ṣe di àkàbà mú, ó rí mi lójú ìran."

Tíṣà kọ ọ́. Olùkọ́ ni, kò pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí àfi nínú ìwé èsì ọmọ àwọn ọlọ́lá. Ààrẹ kò dúró níbẹ̀. Ó ní ìtàn tí wọ́n kọ lórí ìwé lásán kò tó. Ìwé orúkọ ni gbogbo ayé ń dìde fún. Òun ti ń rí i lọ́dọọdún: bí wọ́n bá ka àwọn márùn-ún yẹn, gbogbo ilé á dìde, wọ́n á ṣí fìlà. Bí wọ́n bá wá ka oyè tòun ńkọ́, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wò.

"Kọ orúkọ mi sí ojú ewé kìíní. Lókè àwọn márùn-ún."

Tíṣà la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ, "ṣùgbọ́n" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó lọ sílé, ó jókòó ti tábìlì, ó kọ lẹ́tà:

"Ọlọ́lá Jùlọ, àwọn olóògbé nìkan ló wà ní iwájú ìwé orúkọ. Bí mo bá ka orúkọ yín níbẹ̀ tí àwọn ará sì dìde, òfin kọkànlá sọ pé ẹ ti kú nìyẹn. Igbákejì yóò gba àga lójú ẹsẹ̀, a ò sì ní lè pa orúkọ náà rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bóyá kí n tẹ̀síwájú."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́tà náà padà bọ̀. A TI RÍ I. Ó TỌ́. Òǹtẹ̀ náà tẹ̀ dáadáa, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó mú ìwé orúkọ jáde, ó sì kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má dá Tíṣà lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n ti gba "ṣùgbọ́n" lẹ́nu rẹ̀, kí ló tún kù tó lè sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ?

Lọ́jọ́ àádọ́rin ọdún, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará ti ẹ̀ka mẹ́fà yòókù wá tọkọtaya. Fáànù ń yí lókè, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Òfúrufú ti ń ṣú láti àárọ̀, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ìta ju iwájú lọ. Tapólì àlòkù kan ló fi bo ààrò rẹ̀ kó tó jáde nílé, ó sì mọ̀ pé ihò tó wà lára rẹ̀ ju ti ajere lọ.

Ààrẹ wà lórí pèpéle, pákó mẹ́rìnlélógún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ́tìnì méje ló wà láyà agbádá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àwo ife tíì. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀, ogójì ojú ewé, wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ sọ lórúkọ.

Tíṣà dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ. "Ọlọ́lá Jùlọ, ṣé kí n kà á bó ṣe wà?"

"Kà á. Má fo ohunkóhun."

Ó kà á. Láti Ọlọ́lá Jùlọ títí dé Olùdásílẹ̀ Kejì, kò fo ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe gbọ́ orúkọ àkọ́kọ́ láti ojú ewé kìíní, gbogbo gbọ̀ngàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ṣí fìlà. Kò sí ẹni tó rò ó. Àádọ́rin ọdún ló gbé wọn dìde.

Omi bọ́ lójú Ààrẹ. Ó ti ń retí àtẹ́wọ́, ìdákẹ́jẹ́ yìí wá dùn mọ́ ọn ju àtẹ́wọ́ lọ. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ súre.

Lẹ́yìn pátápátá, obìnrin kan láti ẹ̀ka míì fi ẹnu kan etí ọkọ rẹ̀. "Ìgbà wo ló kú?"

"Mi ò gbọ́ rárá."

"Ta wá ni ẹni tó jókòó lókè yẹn?"

"Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àbúrò rẹ̀. Wọ́n jọra."

Nígbà tí Tíṣà ka ìwé tán, Gbẹ́nàgbẹ́nà ló kọ́kọ́ dé fìlà. Ó rìn bọ́ síwájú, ó fa àga kan tó wà létí ògiri, ó sì jókòó lé e nísàlẹ̀ pèpéle.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jókòó. Ọlọ́run á tu ẹbí nínú. Gẹ́gẹ́ bí òfin, mo ti gba àga. Kí ni iṣẹ́ tó kàn?"

Ààrẹ kò gbọ́ èyí. Ó ti dìde, ó ti ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ogójì. "Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, ní ọjọ́ òní tí oòrùn fúnra rẹ̀ fi ìkùukùu bojú nítorí ìmọ́lẹ̀ tó rí lórí pèpéle yìí..."

"Tíṣà," ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí, "kí ni òfin kejìlá sọ?"

"Olóògbé kò ní ohùn ní ìpàdé."

"Ẹ ṣeun."

Ààrẹ sọ ìwé kalẹ̀. "Olóògbé wo? Mo wà láàyè. Ẹ wò mí dáadáa, mò ń mí."

Tíṣà ṣí ìwé òfin, ó wò ó látòkè délẹ̀, nítorí ẹni tó máa ń yẹ nǹkan wò ni. "Òfin kò sọ ohunkóhun nípa mímí, sà."

"Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Tíṣà mú lẹ́tà jáde, ó sì kà á sókè pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ààrẹ na ọwọ́, ó gba lẹ́tà náà, ó sì kà á. Ìyẹn ni ìwé àkọ́kọ́ tó kà kí ó tó gbà pé ó tọ́, láti ọgbọ̀n ọdún wá.

"Èmi ni mo lù ú," ó ní. "Ṣùgbọ́n..."

"Ẹ ti fòfin de ọ̀rọ̀ yẹn, sà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-Sà wí. Kò ní ibi lọ́kàn. Ọdún kan ló ti fi ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ ló yá ju orí rẹ̀ lọ.

Ààrẹ yí sí i. "Aránṣọ, sọ fún wọn. Ìwọ lo wọn ọrùn mi láàárọ̀ yìí. Ṣé mo kú?"

Aránṣọ wo ẹni tó wà lórí pèpéle, ó sì wo ẹni tó wà lórí àga. Òógùn bo imú rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà bá a yanjú ọ̀rọ̀ náà. "Ṣé ká máa bá iṣẹ́ lọ, aránṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Nígbà náà ni Ìyá Oníbúrẹ́dì sọ̀rọ̀ láti ìdí fèrèsé, láì pariwo. "Atẹ́gùn ti ń fẹ́ o."

Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà dìde, ó fa skúrúdíráfà jáde lápò agbádá rẹ̀, níbi tí ẹlòmíì máa ń fi háńkáṣíìfù sí. Ọkùnrin mẹ́jọ tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí olóògbé sọ̀ kalẹ̀, olóògbé kọ̀. Wọn ò bá a jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń tú pákó níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fà á jáde, wọ́n ń kó o síta. Ó ń sún sẹ́yìn, pèpéle ń kéré, títí ó fi dúró lórí ẹyọ pákó kan ṣoṣo bí adìyẹ tó bà lókùn.

"Èyí tí ẹ dúró lé yẹn la fẹ́ fi ṣe òkè àjà," ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ó sọ̀ kalẹ̀.

Gbogbo wọn ló rọ́ lọ sílé búrẹ́dì, pákó lórí, páànù léjìká, àwọn àlejò ẹ̀ka mẹ́fà lẹ́yìn wọn. Olóǹtẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn, ó ń rojọ́, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Wọ́n gbé àkàbà ti ògiri. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé ẹsẹ̀ lé ìpele àkọ́kọ́, ó sì dúró.

"Ta ló fẹ́ dì í mú?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ọmọ tuntun. Wọ́n bi àwọn ẹ̀ka mẹ́fà léèrè. Oyè Ààrẹ ti há ọmọ tuntun tiwọn náà lọ́fun. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbójú fo òfin lẹ́ẹ̀kan yìí. Tíṣà wò ó. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwé òfin kan náà sọ èèyàn di òkú ni. Wọn ò lè wá máa ṣa èyí tó wù wọ́n. Ẹ̀kán òjò kan bọ́, tó, sórí tapólì. Òmíì bọ́ tẹ̀ lé e.

Ìyá Oníbúrẹ́dì rìn lọ bá Olóǹtẹ̀.

"Bàbá," ó ní. "Ẹ ò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè wọlé tuntun níbí. Ẹ bá mi di nǹkan yìí mú."

"Èmi? Kí n wà nísàlẹ̀ ìwé? Kí n má sọ̀rọ̀ fún ọdún kan?"

"Ọkọ mi máa ń ya èèpo yẹn sọ́tọ̀ dè yín ni. Kì í jóná fúnra rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò sí òǹtẹ̀ tó bá a mu. Olóǹtẹ̀ wo ààrò tó wà lábẹ́ tapólì. Ojú ibẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ ti jẹ díẹ̀, níbi tí ọmọdé kan ti máa ń gbé ìgúnpá lé tó bá ń dúró. Omi ti ń wọ ihò. Ó bọ́ agbádá oníbọ́tìnì méje, ó sì nà á sórí ààrò náà kí ó tó yíjú sí Tíṣà.

"Mú ìwé wá."

Bẹ́ẹ̀-ni-Sà rán wọn létí pé ìdánwò ìwọlé wà o. Òfin ni pé kó ka gbogbo oyè Ààrẹ láì mí láàárín. Olóǹtẹ̀ yíjú sí Gbẹ́nàgbẹ́nà, tó ṣì wà lórí ìpele àkọ́kọ́.

"Kí ni oyè yín?"

"Gbẹ́nàgbẹ́nà."

"Gbẹ́nàgbẹ́nà," ni Olóǹtẹ̀ wí.

"Ẹ yege." Gbẹ́nàgbẹ́nà wò ó láti òkè. "Ọdún tí ẹ kọ́kọ́ wọ ẹgbẹ́, ẹ̀yìn ló ń dùn yín, àwọn ẹlòmíì ló bá yín dì í mú. Ṣé ó ti san?"

Olóǹtẹ̀ fọwọ́ sí ìwé orúkọ, ó la ẹnu láti fèsì, ó sì rántí pé ọmọ tuntun ni òun. Ó di àkàbà mú.

Wọ́n kan páànù tó gbẹ̀yìn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi. Ó rọ̀ lé ọmọ tuntun lórí dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ àkàbà máa ń wà níta. Ààrò kò sán. Búrẹ́dì jáde lọ́jọ́ kejì bó ṣe yẹ, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì fi ọ̀kan tó jóná díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé olóògbé.

Torí pé olóògbé kan wà lóòótọ́, ó sì ní opó. Òfin ni òfin. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ará dé ilé Olóǹtẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Màmá," ni wọ́n wí.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wọlé." Ó mú wọn yí ilé ká bí ẹni tó ti ń dúró de ọjọ́ náà. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé bàsíà sábẹ́ ibí yìí. Ilẹ̀kùn yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìdí tì í. Ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án, okùn ni mo fi dè é. Olóògbé ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí àwọn ráyè."

"Èmi rèé níjòókòó o," ni Olóǹtẹ̀ wí láti orí àga.

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá wí." Ó yíjú sí àwọn ará. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú."

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé àkàbà ti ògiri ilé náà, ó sì dúró. Olóǹtẹ̀ jókòó títí, ó ń retí kí ẹnì kan bẹ òun. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó jáde lọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú kí wọ́n lè tún òrùlé rẹ̀ ṣe fún opó rẹ̀. Ọdún kẹsàn-án bàsíà parí lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ó di àkàbà mú fún ọdún kan, òrùlé mọ́kàndínlógún, kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí wà nínú ìtàn ẹgbẹ́ tí Tíṣà tún kọ: ojú ewé kẹta, ìlà kejì láti ìsàlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè ojú ewé kìíní pẹ̀lú gbogbo oyè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè pa á rẹ́. Orúkọ kan náà wà ní ìparí ìwé, láì ní oyè kankan. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti ka ti iwájú, gbogbo ilé á dìde. Òun náà á dìde níbi tó jókòó sí lẹ́yìn, á ṣí fìlà, á sì dákẹ́ fún ẹni tó lọ.

Ní ọdún kejì tí wọ́n kà á, ọmọ ẹgbẹ́ kan láti ẹ̀ka míì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jókòó, ó rọra bi í pé, "Bàbá, ẹni tí oyè rẹ̀ gùn tó báyìí, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Olóǹtẹ̀ dé fìlà rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀," ó ní. "Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù."